Gbòǹgbò Tí Kò Ní Oje

Gbòǹgbò náà wà lórí koríko, ó rin gbingbin, ó sì ń rùn. Darko púlọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ nínú páìpù ìdọ̀tí màmá Beryl Trewin, ní Coburg, lápá àríwá Melbourne. Páìpù náà tún ti dí.

"Ọ̀pọ̀tọ́ bàbá yẹn ni," Darko wí, ó nawọ́ sí igi tó yọrí lókè ọgbà tó pààlà ilé méjèèjì. "Mo ti fi tó kánsù létí. Ọ̀la ni wọ́n máa gé e."

Noreen Kells, olùwádìí kánsù, bẹ̀rẹ̀ wo gbòǹgbò náà. Láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè gé e. Kì í sì í fọwọ́ sí ohun tí kò tíì yẹ̀ wò.

Thanasis, bàbá aládùúgbò tó ni igi náà, dúró lódìkejì ọgbà. "Ìyàwó mi ló gbìn ín kó tó kú. Tí ẹ bá máa gé e, ẹ gé mi mọ́ ọn."

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," Noreen wí.

Noreen ti kámẹ́rà bọ inú páìpù. Páìpù oníke ni, tuntun. Kò sán, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kò sì ṣí. Kò sí ibi tí gbòǹgbò lè gbà wọlé.

"Darko, ìwọ lo ri páìpù yìí mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni, lọ́dún tó kọjá."

"Tó bá sì dí, ìwọ ni wọ́n ń pè."

"Áà! Ṣé èmi ni mo wá ń ki gbòǹgbò bọ̀ ọ́? Inú ọgbà màmá ni ọmọrí páìpù wà, wọn kì í sì í ṣí géètì sílẹ̀. Àfi tí mo bá fò bí ológbò."

Noreen la gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́ díẹ̀. Oje funfun sẹ̀. Ó la èyí tó wà lórí koríko: inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ní oje. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e ní ìdí àti lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, igi òroǹbó kan tí wọ́n hú wà nílẹ̀. Inú gbòǹgbò tirẹ̀ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Màmá, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì?"

"Èmi nìkan," Beryl wí.

"Nígbà náà, ẹ̀yin lẹ gé gbòǹgbò òroǹbó yín, tí ẹ ń tì í bọ inú páìpù."

Darko bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Nígbà tí páìpù àtijọ́ dí," Beryl wí, "Thanasis gbé ṣọ́bìrì wá. A mu kọfí. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n pààrọ̀ páìpù, kò wá mọ́. Láti ìgbà yẹn, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé tó bá tún dí, ó máa padà wá. Mi ò mọ̀ pé Darko máa gbé e dé kánsù."

"Ẹ fẹ́ẹ̀ pa igi ìyàwó mi," Thanasis wí.

"Mo mọ̀."

Thanasis wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Noreen dá igi náà láre, ó kó kámẹ́rà rẹ̀. Beryl ṣì dúró síbi tó wà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Thanasis gbé abọ́ ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ sórí ọgbà, kò wo ojú Beryl.

"Inú ṣì ń bí mi o," ó wí. "Àmọ́ ẹ má ti géètì lọ́la."