Káàdì Méjì fún Bàbá Ìyàndá

Olúmúyìwá kọ́kọ́ rò pé ọmọ ni obìnrin náà pọ̀n. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè Gádà, báàgì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ìró ankará di nǹkan ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn, ó tẹ̀ síwájú bí ìyá ọmọ tí ọmọ rẹ̀ ti ń sùn. Wáyà dúdú kan tó ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀ ni Olúmúyìwá rí tó fi mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Ó sáré bá a sọ̀ ọ́. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Roqeebah ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni ní ilé-ìwé girama kan nínú Ẹdẹ, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí oorun ti jẹ ní gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún.

"Bàbá mi ló ń lò ó," ó wí. "Gẹ́ẹ̀mù ọkọ̀ wíwà ni. Àmọ́ ọkọ̀ náà á máa já, á dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á dorí kodò, wọn ò ní jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà."

Ó ṣàlàyé fún un. Ìyàndá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ẹdẹ dé Kano fún bí ọgbọ̀n ọdún, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un ní apá òsì. Fún ọ̀pọ̀ oṣù kò fẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni. Àbúrò Roqeebah, Najeem, ló fi gẹ́ẹ̀mù yìí sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó gba Abuja lọ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni bàbá ti tún ń béèrè pé kí wọ́n gbé òun jókòó.

Olúmúyìwá tú àpótí náà, ó yọjú wò ó. "Kò ní káàdì àwòrán kankan nínú. Òun ló yẹ kó máa ya ohun tí wọ́n ń rí lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí mo ní."

Ó yíjú sí pẹpẹ, ó mú káàdì méjì wá. Nígbà tó fi máa yí padà, Roqeebah ti sùn. Orí rẹ̀ fara ti ògiri, ẹfun ìkọ̀wé wà lára ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Olúmúyìwá rọra gbé káàdì sílẹ̀. Ó pa rédíò. Nígbà tí oníbàárà kan dé, ó jáde lọ bá a níta, ó ní kó padà wá lọ́la. Ìpè ìrun alásárì ló jí obìnrin náà.

"Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Ẹ ò ní kí n jí yín."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú tì í.

Olúmúyìwá kó káàdì méjèèjì síwájú rẹ̀. "Tòkunbọ̀ ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí ń jẹ́ RX 570. Èyí ń jẹ́ 1050 Ti. RX lágbára jù ú lọ dáadáa. Àwòrán rẹ̀ á mọ́ gaara, ọkọ̀ á sì máa yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkejì, àfi kéèyàn tún fa wáyà iná lọ́tọ̀ fún un. 1050 Ti kò yára tó ìyẹn. Àmọ́ kì í jẹ iná, kì í sì í yọni lẹ́nu."

"Tó bá jẹ́ bàbá yín ńkọ́, èwo lẹ máa mú?"

"Màá kọ́kọ́ béèrè irú iná tí wọ́n ń lò nílé."

"Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni. Òun ló ń gbé fáànù àti fíríìjì tí oògùn àrùn ìtọ̀ ṣúgà wọn wà nínú ẹ̀."

Olúmúyìwá wo káàdì méjèèjì. "Ẹ jẹ́ kí n kó méjèèjì wá sílé yín lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ la ti máa mọ èyí tó bá yín mu."

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Ìyàndá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ lo fẹ́ tún ọkọ̀ mi ṣe?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìsinmi."

RX ló kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tí àwòrán yọ, bàbá náà na ọrùn wò ó. Òjò ń rọ̀ sára gíláàsì ọkọ̀, òkè ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, ojú ọ̀nà ń dán. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di mọ́òsì mú bí ẹni di ọwọ́ ìyàwó.

"Ibo lèyí?"

"Ìlú òyìnbó kan ni, Bàbá."

"Kò burú. Ọ̀nà ni ọ̀nà."

Ó gbé ọkọ̀ gun òkè. Bó ṣe dé àárín òkè ni jẹnẹrétọ̀ ìta kérora, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, gbogbo ilé sì dákẹ́. Wọ́n tún un tan, ó tún kú. Roqeebah ní kí wọ́n pa fíríìjì. Olúmúyìwá rántí oògùn tó wà nínú rẹ̀, ó mi orí. Ó tú RX, ó fi 1050 Ti sí i, ó sì dín dídán àwòrán kù.

"Àwọn igi yìí dà bíi páálí," Bàbá Ìyàndá ráhùn.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Èkejì dáa jù ú lọ. Iná ilé yìí ni kò lè gbé e."

Bàbá náà rọ́jú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lọ. Ọkọ̀ náà ò já, kò sì fò. Ó gun òkè, ó sọ̀, ó wọ ìlú, ó já ẹrù. Kò dúpẹ́. Ó kàn béèrè pé ṣé oúnjẹ ti jinná. Roqeebah tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọjú sí ògiri, ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

Bí Olúmúyìwá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Baptist ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, yóò gba ilé wọn kọjá. Ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù bàbá, kó lè pè é bí ọkọ̀ bá dákú lọ́nà. Yóò jókòó tì í, bàbá á sì máa sọ ìtàn ojú ọ̀nà Jẹ́bà fún un. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde láìfa apá tó kú. Kí ó tó di pé òjò ọdún náà dá, ó ti yé Roqeebah pé òun náà ló ń wá wò.

"Lọ sùn," á máa sọ fún un. "Èmi àti Bàbá ṣì wà lọ́nà Kano."

"Ìwé àwọn ọmọ ń bẹ nílẹ̀ tí mo fẹ́ máàkì."

"Tíṣà mi, ìwé ò lẹ́sẹ̀. Lọ sùn."

Lọ́jọ́ kan Roqeebah dáhùn pé, "Ìwọ náà, kì í rẹ̀ ọ́ ni?" Ó gbọ́ "ìwọ" náà lẹ́nu ara rẹ̀, òun tó ti ń fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Olúmúyìwá ní, "Ó ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kì í rẹ̀ mí níbí."

Obìnrin tí Olúmúyìwá fẹ́ fẹ́ nígbà kan ti gba òkè òkun lọ, kò sì padà. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀ í sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Roqeebah, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Roqeebah fara ti ògiri. "Ó rẹ̀ mí, Múyìwá. Kì í ṣe ti òní. Kí lo fẹ́ fi obìnrin tó ti rẹ̀ ṣe?"

"Mi ò lè sọ pé kò ní rẹ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé kó máa rẹ àwa méjèèjì pọ̀."

Bàbá Ìyàndá gbọ́ láti inú yàrá. Ó pe ọmọ rẹ̀ wọlé. "Onígbàgbọ́ ni. Mi ò gbà."

"Bàbá, ọkọ Àǹtí Àwáwù, àbúrò yín, ńkọ́? Ṣé mùsùlùmí ni?"

Bàbá náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo ní mi ò gbà. Kó má wá mọ́."

Roqeebah jáde. Ó dúró níwájú Olúmúyìwá, apá rẹ̀ méjèèjì so wálẹ̀. "Mi ò lágbára ìjà. Ká ní mo ní i, ǹ bá jà. Máa lọ, jọ̀ọ́."

Ó lọ. Kò wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò sì wá lọ́jọ́ Àìkú mìíràn. Bàbá ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Roqeebah ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wẹ bàbá, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà wá dáná, ó ń fọ aṣọ. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ ju "ẹ jẹun" àti "mo ti yó" lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá gbọ́ tí abọ́ bọ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì gbọ́ nǹkan mìíràn tó wúwo ju abọ́ lọ. Ó pe Roqeebah, kò gbóhùn. Ó pe àwọn ará ilé kejì, kò sẹ́ni tó wà nílé. Abuja jìnnà, kí ni Najeem lè ṣe? Ó fa ara rẹ̀ dé etí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí fóònù.

"Múyìwá," ó wí. "Ọmọ mi ṣubú. Mi ò lè dé ibẹ̀."

Ọ̀kadà ló gbé Olúmúyìwá dé. Ó bá Roqeebah nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń fọ abọ́, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ibà ni, àti àìsinmi, pé àfi kó dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Olúmúyìwá padà sílé, ó pààrọ̀ aṣọ bàbá, ó fún un lóúnjẹ àti oògùn, ó sì jókòó tì í.

Bàbá Ìyàndá wo òrùlé títí. "Kì í ṣe ti ẹ̀sìn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó o bá mú un lọ, ta ni yóò máa yí mi padà? Mo wá fẹ́ lò ó pa."

"Bàbá, ilé mi ní yàrá mẹ́ta. Ẹ̀yin náà lẹ máa bá wa gbé."

"Ilé onígbàgbọ́?"

"Mo ti wo ibi tí kìbílà wà nínú yàrá tí ẹ máa lò. Ibẹ̀ la máa kọjú bẹ́ẹ̀dì yín sí."

Bàbá náà tún yíjú sí òrùlé. Omi kán láti ojú rẹ̀ kan, ó wọ inú etí. Olúmúyìwá bá a nù ún.

Nígbà tí Olúmúyìwá sọ fún Roqeebah ní ilé ìwòsàn pé bàbá ti gbà láti bá wọn gbé, ó béèrè pé, "Ta ló pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Bàbá ni."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ kó máa rẹ̀ wá pọ̀."

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, láìsí ariwo. Najeem dé láti Abuja. Ìyá Olúmúyìwá wá, àti Àǹtí Àwáwù pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn padà sí yàrá Bàbá Ìyàndá nínú ilé Olúmúyìwá, kó lè ṣe àdúà fún wọn.

Bàbá náà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọwọ́ òsì ò tẹ̀ lé e, ó wà lórí itan rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń gbé ṣe àdúà, kò lè bẹ̀rẹ̀. Olúmúyìwá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì náà sókè títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Àdúà náà gùn. Apá ń ro ó, àmọ́ kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí gbogbo ilé fi ṣe àmín.