Fíìmù Tí Ìmọ́lẹ̀ Bà Jẹ́

"Kékeré, má bínú o, orí mi ti di àpò àkísà," ni Àǹtí Télọ̀ wí. Ó yọjú láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Ọ̀gá rẹ pè mí láàárọ̀ àná. Ó ní fóònù rẹ ò lọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣí kámẹ́rà àtijọ́ yẹn, pé fíìmù hẹdimásítà ṣì wà nínú ẹ̀."

Aṣọ tí Kékeré fi ń nu dígí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀gá rán náà fi odidi ọjọ́ kan pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣí kámẹ́rà náà lọ́sàn-án àná.

Kékeré ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yìí, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé. Tó bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ Bàbá Fọ́tò ló ti ń kọ́ṣẹ́ àwòrán. Lánàá, bàbá lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì fi í ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ló wà tí àwọn ọmọ Àǹtí Télọ̀ fi ya wọlé wá ṣeré, tí wọ́n sì rí kámẹ́rà dúdú náà lórí pẹpẹ.

"Àǹtí Kékeré, ibo la ti máa rí àwòrán tó bá yà?" Èyí àgbà ń fi ìka fa ẹ̀yìn kámẹ́rà bí ẹni ń fa ojú fóònù.

"Ẹ ò lè rí i níbẹ̀. Inú fíìmù ló wà. Ẹ máa dúró títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́."

"Fọ̀ ọ́? Pẹ̀lú ọṣẹ?"

"Omi oògùn ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, nínú òkùnkùn."

"Tí ẹni tí wọ́n yà bá wá dijú ńkọ́? Ṣé wọn ò ní pa á rẹ́ ni?"

"Wọn ò lè pa á rẹ́."

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Àánú rẹ̀ ṣe àbíkẹ́yìn wọn. "Ẹ kú ìyà o. Ṣé ẹṣin lẹ máa ń gùn lọ síléèwé nígbà yẹn?"

Ni ẹ̀rín bá sọ. "Ìyá Àgbà ni yín! Ìyá Àgbà Kékeré!"

Kékeré bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Òun tí irun ewú kan ò tíì hù lórí rẹ̀, òun ni wọ́n ń wò bí ẹni tó bá Nóà wọ ọkọ̀! Bẹ́ẹ̀, ayé fóònù ni wọ́n bí òun náà sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa fíìmù ni.

"Irọ́ ni," èyí àgbà wí. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Àǹtí Kékeré kàn ń sọ̀tàn fún wa ni."

Bàbá Fọ́tò ti kọ́ ọ, kò kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan: kó tó ṣí kámẹ́rà, kó kọ́kọ́ rọra yí ọwọ́ kékeré tó wà lórí rẹ̀ wò. Bó bá le, fíìmù wà nínú rẹ̀. Ó mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa yí ọwọ́ kámẹ́rà nígbà tí ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

"Ẹ sún mọ́bí, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i!" Ó fa ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣí gbàgà. Fíìmù ń dán gbinrin nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ó pa á dé wéré, ó lé àwọn ọmọ náà jáde, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé bóyá fíìmù tí kò wúlò mọ́ ni.

Àṣé fíìmù hẹdimásítà ni! Ẹ̀gbọ́n hẹdimásítà, tó ti pẹ́ lókè òkun, ló wá kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì jókòó síwájú ilé, níbi tí bàbá wọn ti mú wọn ya fọ́tò nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n sì ní irú kámẹ́rà ìgbà náà ni kí Bàbá Fọ́tò fi ya àwọn. "Mi ò gbọdọ̀ rí fóònù kankan lókè," ni hẹdimásítà wí, bí ẹni pé ọmọ iléèwé ló tò síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà sì ti wọkọ̀ òfuurufú padà. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún fojú kan ara wọn?

"Àǹtí, mo ti ṣí i," Kékeré wí.

Àǹtí Télọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló rí ọ? Àwọn ọmọ mi? Àwọn wo ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Gbọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bàbá ti dàgbà, ojú ẹ̀ ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbé ẹnu ẹ dákẹ́."

Bàbá Fọ́tò dé lọ́sàn-án. Ó ń fọn súfèé bó ṣe wọ yàrá òkùnkùn lọ. Kékeré dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń dà. Súfèé náà dákẹ́.

Bàbá jáde, ó na fíìmù sí ojú fèrèsé. "Kékeré, wá bá mi wò ó. Ṣé ojú mi ni?"

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúdú bí ìdí ìkòkò; ìmọ́lẹ̀ ti bà á jẹ́.

"Ó dúdú, Bàbá."

"Télọ̀!" bàbá pè. "Ṣé o jíṣẹ́ tí mo rán ọ?"

"Mo jẹ́ ẹ o, Bàbá!" Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójijì.

Bàbá jókòó lórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Á jẹ́ pé èmi náà ni. Mi ò ti ẹ̀yìn kámẹ́rà dáadáa, ìmọ́lẹ̀ wá wọ̀ ọ́. Lánàá, ọmọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, mo bínú sí i. Ọmọ-ọmọ mi ní kí n ṣàlàyé ohun tí fíìmù jẹ́. Mo ṣàlàyé títí, àṣé ó ti sùn lọ." Ó mí kanlẹ̀, ó tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lára bẹ́líìtì, ó fi lé Kékeré lọ́wọ́. "Gbà. Ìwọ ló ni ṣọ́ọ̀bù láti òní lọ. Jẹ́ kí n lọ sọ fún hẹdimásítà pé ogbó ti dé sí mi."

Kọ́kọ́rọ́ náà wúwo lọ́wọ́ Kékeré. Àìmọye ìgbà ló ti lá àlá rẹ̀, tó ń rí orúkọ ara rẹ̀ lára pátákó òkè ilẹ̀kùn. Lẹ́nu ọ̀nà kejì, Àǹtí Télọ̀ ṣẹ́jú sí i. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni, ó ti di tirẹ̀.

Bàbá dìde. Ó ń fọwọ́ wá òpó ilẹ̀kùn kó tó gbẹ́sẹ̀, òun tí kì í fọwọ́ kàn án rí. Ó ti ń rìn bí afọ́jú.

"Bàbá, ẹ dúró!" Kékeré sáré sí i, ó kúnlẹ̀. "Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ti ẹ̀yìn kámẹ́rà dáadáa. Èmi ni mo ṣí i lánàá, kí iṣẹ́ yín tó dé etí mi. Mi ò yí ọwọ́ ẹ̀ wò bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi, torí àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Bàbá yíjú sí i. "O sì ń wò mí títí mo fi fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo fẹ́ fi irọ́ bo àṣìṣe mi, ẹ̀yin lẹ wá ń gbé e rù." Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá, ó sì pa ìka bàbá dé lé e lórí. "Èmi ni n ó lọ bá hẹdimásítà, kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má wá síbí mọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹni tí mo jẹ́ kó rò pé òun ti fọ́jú. Kọ́kọ́rọ́ yín rèé. Ẹ wá ṣí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́la."