Kọ̀mpútà Tó Ń Pe Àwẹ̀ró

Lọ́jọ́ tí Olúfúnkẹ́ kọ́kọ́ rí Détọ́lá, ṣe ni ọkùnrin náà gbé etí lé ẹ̀yìn kọ̀mpútà kan, ó dijú, bí agbẹ̀bí tó ń gbọ́ inú aláboyún. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rẹ̀ ní Euless lókè òkun.

"Ẹ dúró díẹ̀," ló wí. "Nǹkan kan ń mí níbí."

Díẹ̀ ló kù kí Olúfúnkẹ́ padà. Kọ̀mpútà ìyá rẹ̀ ló gbé dání, ó fi ìró wé e bí ọmọ.

"Kí ló ṣe tiyín?"

"Kì í tàn. Ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ má tàn án pẹ́."

"Kí ló dé?"

"Ó máa ń pè mí."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án. Ojú kọ̀mpútà ṣú bí inú kànga. Wọ́n dúró. Oòrùn ọ̀sán ń jó mọ́tò níta, síbẹ̀ òtútù mú Olúfúnkẹ́ lápá. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin àgbà kan jáde látinú òkùnkùn yẹn, ohùn jẹ́jẹ́, bí ti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró."

Kí Détọ́lá tó yíjú, Olúfúnkẹ́ ti wà níta láàárín àwọn mọ́tò. Ọkùnrin náà pa kọ̀mpútà dé, ó lọ bá a.

"Ta ni Àwẹ̀ró?"

"Èmi. Màmá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kú."

"Ẹ ò sì dá wọn lóhùn rí?"

"Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni? Ẹni tí a ò rí, a kì í dá a lóhùn."

"Wọ́n kọ́ mi. Ẹ ò rí i pé èmi náà dákẹ́?"

Nítorí ìdáhùn yẹn ló ṣe fi kọ̀mpútà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Détọ́lá pè é lórí fóònù. "Kọ̀mpútà yín ti ń tàn látọjọ́ yìí. Ojú rẹ̀ ló kú. Ṣé ó já bọ́ ni?"

Olúfúnkẹ́ rántí. Ibi iṣẹ́ ló wà lọ́jọ́ tí ambúláǹsì wá gbé ìyá rẹ̀. Nígbà tó délé, orí ilẹ̀ ló ti bá kọ̀mpútà náà.

"Màmá ló ya fídíò sínú rẹ̀," ni Détọ́lá wí. "Wọ́n ṣètò rẹ̀ kó máa jáde tí ẹnikẹ́ni bá ti tàn án. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Mi ò gbọ́ ọ. Mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá oníyàá kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ ọ."

Ohun tó ń ba Olúfúnkẹ́ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun kò sí nílé. Ó dá a lójú pé ìbínú ló wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Ó ní kí Détọ́lá dúró ná. Détọ́lá dúró. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń pè é, títí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Màmá ní kí n kí ọ."

"Détọ́lá, má bá mi ṣe irú eré yẹn."

"Ó dáa. Èmi ni mo kí ọ, olólùfẹ́."

"Ta ni olólùfẹ́ rẹ?" Ṣùgbọ́n kò pa fóònù.

Àǹtí Josephine, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Lewisville, gbọ́ sí i. Inú rẹ̀ kò dùn.

"Ọkùnrin wo ló ń tọ́jú ohùn òkú sínú ṣọ́ọ̀bù? Ìyẹn kì í ṣe ọkọ. Ní kó gbé e wá ní Sátidé, ká jù ú nù. Tó o bá kọ̀, má pè mí sí ìgbéyàwó kankan."

Ní Sátidé, Détọ́lá gbé kọ̀mpútà náà wá sílé Olúfúnkẹ́ ládùúgbò Vickery Meadow, pẹ̀lú wáyà kan. Àǹtí Josephine ti ṣí ẹnu àpò ìdọ̀tí sílẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

Àǹtí na àpò náà sí i.

Olúfúnkẹ́ wo àpò, ó wo wáyà. "Sò ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n," ló wí.

Tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀. Màmá jókòó síbẹ̀. Orí àga gbọọrọ tí Olúfúnkẹ́ jókòó lé yẹn gan-an ló jókòó lé.

"Àwẹ̀ró."

Olúfúnkẹ́ ti wá rí ojú ẹni tó ń pè é. "Mà," ló dáhùn.

Màmá dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́. "Ó pẹ́ kó o tó dáhùn. Mi ò bínú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lo wà."

Ojú rẹ̀ rọra yí sápá òsì, síbi tí Détọ́lá dúró sí.

"Ta ló dúró tì ọ́ yẹn?"

Fìríìjì tó ti ń kùn láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì.

"Jẹ́ kó jẹun kó tó lọ."

Tẹlifíṣọ̀n ṣú.

Àǹtí Josephine ká àpò ìdọ̀tí, ó wọ kíṣíìnì lọ. Wọ́n gbọ́ ìró àwo.

"Ìwọ bọ̀dá," ló béèrè láti ibẹ̀, "ṣé o ń jẹ ata?"

Détọ́lá jẹun, kò ṣẹ́ ìrẹsì kankan kù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, Fúnkẹ́. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Má dáhùn níṣojú mi, ojú ń tì mí. Mo ń lọ sísàlẹ̀. Màá pè ọ́ láti ibẹ̀. Tó o bá gbà, dá mi lóhùn."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ parí lórí àtẹ̀gùn. Gbogbo ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dé, jẹ́jẹ́, láti ibi tí ojú ò tó.

"Àwẹ̀ró."

Àwo dúró lọ́wọ́ Àǹtí Josephine. Kọ́tìnì bo fèrèsé. Olúfúnkẹ́ kò ṣí i wò.

"Mo gbọ́ o," ló dáhùn. "Mo ń bọ̀."