Nígbà Tí Fáànù Náà Dákẹ́

"Ẹ̀rọ ìlọta yín ti tún bẹ̀rẹ̀!" Ẹlẹ́nu fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé ata gbogbo àdúgbò lẹ ń lọ̀ ni?"

Àwọn ọmọ kíláàsì yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ìdánwò àṣejáde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ti ń kàwé pọ̀. Ọmọbìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí ètè ni ẹ̀rín rẹ̀ mọ.

Inú yàrá kejì ni ariwo náà ti ń wá, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tẹ̀wé. Ohùn ni ọkùnrin yìí fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló máa ń kéde ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ kí àìsàn ọ̀fun tó gba ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè fi bírò kọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà, bọ́tìnnì fóònù sì kéré jù fún ìka rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló kù fún un. Á fi ìka kan máa tẹ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde gàdàgbà lójú ẹ̀rọ náà. Bó ṣe ń bèèrè omi nìyẹn, bó ṣe ń báni wí nìyẹn, bó sì ṣe ń dá àpárá nìyẹn. Ṣùgbọ́n fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ariwo rẹ̀ sì ń gba ilé kan.

"Àbí bàbá ẹ ló ń bá ẹ wí?" Ẹlẹ́nu tún sọ. "Ohùn wọn mà le o!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ẹlẹ́nu fúnra rẹ̀ gé ètè jẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ da ojú bo ìwé rẹ̀, ó sì pinnu pé ariwo náà kò ní rí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.

Fáànù tuntun wà nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú kejì, ló gbé e wá kí iṣẹ́ tó pè é padà. Ó ti kìlọ̀ kó tó lọ.

"Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí!"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá wọn ló sọ ọmọ náà ní Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí pé kò mọ ìdúró. Nígbà ìsinmi, ó máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti rí i tó ń pààrọ̀ irú fáànù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀, á lọ mu omi, á bá aládùúgbò tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn náà ló máa ń pa á, tí á sì wá tú u. Ọ̀kẹ́rẹ́ rò pé ìsinmi ni. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìdúró yẹn. Ọ̀rá kan wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹ̀yà pẹlẹbẹ tó ń ṣe ìrònú ẹ̀rọ náà, àti irin tí fáànù jókòó lé. Bó bá pẹ́, ó máa ń gan mọ́ ọn bí gọ́ọ̀mù, ooru nìkan ló sì ń mú un rọ̀. Ojú ọmọ náà rí iṣẹ́ ọwọ́. Kò bèèrè ìdí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá ń sùn, kọ̀ǹpútà sì tutù bí omi àmù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tú ìkọ́ tó di fáànù mú, ó fà á. Kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì fi agbára fà á tu.

"Mo ṣe é!" ló wí fún ara rẹ̀.

Nígbà tó yí i padà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí eégbọn lára ajá. Àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wọ́, mélòó kan sì ti kán. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára.

Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀, ó gbé fáànù tuntun lé e, ó tan iná. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, kò ṣe bí ẹni wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri.

Bàbá jí, ó wá jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì títí. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká má lò ó títí àwọn á fi dé, Bàbá."

Bàbá mi orí pé kò burú, ó gbà á gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bèèrè pé, "Kọ̀ǹpútà Bàbá ńkọ́? Ṣó ṣì ń pariwo?"

"Rárá, kò pariwo mọ́."

"Ó mà yà mí lẹ́nu o."

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ara bàbá gbóná. Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi ìka kan náà tẹ ojú tábìlì, bí ẹni ń tẹ̀wé. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré mú bírò àti ìwé wá. Ohun tí bàbá kọ dà bí ipasẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀.

"Ṣé omi ni?"

Bàbá mi orí pé rárá.

"Ṣé ibì kan ń dùn yín ni? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lẹ fẹ́ rí?"

Rárá. Bàbá nawọ́ sí àyà ọmọ náà.

"Ṣé èmi ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ mú fóònù láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rántí ohun tó bò mọ́lẹ̀, ó sì gbé e padà.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, aládùúgbò fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Bàbá kò bá wọn padà wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà náà. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Ta ló tú èyí?"

"Èmi ni."

"Nígbà tí mo pè ẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Ó ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi?" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já. "Àlòkù kọ̀ǹpútà kún ṣọ́ọ̀bù mi dé òrùlé. Ká ní o sọ ni, màá bú ẹ. Màá bú ẹ dáadáa! Lẹ́yìn náà màá gbé òmíràn wọ mọ́tò, á sì wà níwájú Bàbá kí ilẹ̀ tó ṣú."

Kò nà án. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọpọlọ mìíràn sí ẹ̀rọ náà. Ó ṣiṣẹ́, kò pariwo rárá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá ti tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pé. Èyí tó gbẹ̀yìn ni: "Ọ̀kẹ́rẹ́, omi yìí gbóná jù. Ṣé o fẹ́ fi bó mi lára bí adìyẹ ni?" Lábẹ́ rẹ̀, ìlà kékeré kan ń tàn, ó ń kú, ó ń dúró de ìka.

Ohun tí ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ bàjẹ́ ní àtúnṣe. Ohun tí ẹnu rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ kò ní. Ọmọ tó bá ṣàṣìṣe, kó tètè sọ ọ́, kó sì gba èébú tó tọ́ sí i, nítorí èébú kì í pani. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ fún un ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ bá a sọ.