Orúkọ Tó Wọ Bàálù Wálé

Baba arúgbó yẹn gun orí ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ò mira.

Bàálù kékeré tó ń gun òkè lọ sí Pa Lidung, ẹrù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, wọ́n ń wọn èèyàn náà. Supang, ìyàwó Gerawat, ti gun ìwọ̀n yẹn tọmọ-tọmọ, abẹ́rẹ́ fò. Obìnrin kan tó gbé àpò ṣúgà gùn ún, abẹ́rẹ́ fò. Ó wá kan baba yìí. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, ó dúró gbọn-in, abẹ́rẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ sójú òdo bíi pé atẹ́gùn ló gùn ún.

Jeffri tó ń wọn èrò fi ẹsẹ̀ ta ìwọ̀n náà.

"Nǹkan yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ wèrè ẹ̀. Baba, ṣé ẹ tiẹ̀ jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ó ti pẹ́ tí mo jẹun," ni baba náà wí.

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Jeffri ní kó máa kọjá, pé egungun lásán kì í wúwo. "Kí lorúkọ yín?"

"Gerawat."

Gerawat tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tó wọ aṣọ funfun àwọn tó ń wa bàálù, yíjú padà kíá. Ó rò pé wọ́n pe òun ni.

"Ẹ wò ó, ìbejì!" Jeffri ń pàtẹ́wọ́. "Ọ̀kan gbó, ọ̀kan ò gbó!"

Ẹ̀rín ò wá sí Gerawat lẹ́nu. Ní ilẹ̀ àwọn Kelabit, orúkọ tí wọ́n sọ èèyàn nígbà tó wà lọ́mọdé, kì í jẹ́ ẹ dalẹ́. Tó bá ti bí àkọ́bí, wọ́n á pa ẹran, wọ́n á pe gbogbo ìlú, wọ́n á bọ́ orúkọ yẹn kúrò lára ẹ̀ bí aṣọ, wọ́n á fún un ní òmíràn. Tó bá ní ọmọ-ọmọ, á tún gba òmíràn. Arúgbó tó bá ṣì ń jẹ́ orúkọ ọmọdé, a jẹ́ pé kò bímọ rí láyé. Òun fúnra ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ bọ́ Gerawat kúrò lára ẹ̀ nílé bàbá ẹ̀. Ìdí tí Supang fi ń gbé ọmọkùnrin wọn bọ̀ wálé nìyẹn, ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ.

Baba náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Etí ẹ̀ ti fà wálẹ̀ dé èjìká bíi tàwọn ará àtijọ́. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ òórùn ewé tútù ló ń jáde lára baba, ewé tí òjò ti lù pẹ́.

Nígbà tí wọ́n ti wọlé, Kápítènì Chong, ọ̀gá Gerawat, nà án ní ìgbọ̀nwọ́.

"Àbúrò, ìwọ lo máa gbé e balẹ̀ lónìí. Ọmọ ẹ wà lẹ́yìn, jẹ́ kó rí iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Àmọ́ tóo bá fi gbá ilẹ̀ gbì, màá ní kí ìyàwó ẹ wá fẹ́ mi o."

"Ọ̀gá, kò lè fẹ́ yín. Ẹ̀ ń hanrun jù."

Wọ́n gbéra. Bàálù yẹn ò ní ilẹ̀kùn láàárín awakọ̀ àti èrò, ẹni tó bá jókòó síwájú lè na ọwọ́ kó fi kan awakọ̀ lórí. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n ń kùn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Igbó dúdú tẹ́ nísàlẹ̀. Ìkùukùu ń fò kọjá lójú gíláàsì. Gerawat ò kọ́kọ́ mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn òun, àfi ìgbà tí òórùn ewé tútù yẹn kàn án nímú.

"Wọ́n máa sọ orúkọ wa nù lónìí, àbí?" Ohùn náà rọra wọ̀ ọ́ létí.

Gerawat ò yíjú. "Baba, orúkọ tèmi ni wọ́n fẹ́ bọ́. Ẹ̀yin lẹ ni tiyín."

"Ọ̀kan náà ni." Baba fi ẹnu sún mọ́ ọn létí. "Ẹni tó bá sọnù sínú igbó, ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ ẹ̀ ló ń gbọ́, òun ló fi ń mọ ọ̀nà ilé. Mo ti ń rìn ín bọ̀ látijọ́. Tí wọn ò bá pè é mọ́, níbo ni kí n kọrí sí?"

Irun ọrùn Gerawat dìde. Ó ṣí ẹnu láti dáhùn, Kápítènì sọ pé pápá ti hàn.

Pápá Pa Lidung, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni láàárín àwọn òkè. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lèèyàn lè gbà balẹ̀ síbẹ̀, torí òkè ló dí ẹ̀yìn ẹ̀ pa. Tóo bá ti sọ̀ kalẹ̀ débì kan, kò sí pé mo fẹ́ gbéra padà. Ilẹ̀ ni o, tàbí òkè.

Wọ́n kọjá ibi yẹn. Gerawat ń rí òrùlé ilé gígùn bàbá ẹ̀, ó ń rí èéfín tí wọ́n fi ń se ẹran, bàálù wá ṣàdédé já sí apá òsì bíi pé ẹnì kan fà á létí.

Ẹ́ńjìnnì kan ti kú.

Ariwo bàálù yí padà, ó di ohùn ẹlẹ́sẹ̀ kan. Obìnrin oníṣúgà ké pe Ọlọ́run lẹ́yìn, "Tuhan!" Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gerawat ti pẹ́dà ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí imú bàálù lè tọ́, ó tì í títí itan ẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Di ìsáré ẹ mú, má jẹ́ kó dẹ̀!" Kápítènì Chong kígbe, ó yíjú sí rédíò láti ké sí àwọn ará ilẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Gerawat ni pé kó pa ẹ́ńjìnnì tó ti kú yẹn pátápátá, kí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ má dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Èwo ló kú? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ro ó, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbọ̀n, ọkàn ẹ̀ bá ní ọ̀tún ni wàhálà wà. Ó na ọwọ́ sókè síbi tí irin ẹ́ńjìnnì méjèèjì gbé rọ̀ sí láàárín òun àti ọ̀gá ẹ̀. Ó di tọ̀tún mú. Ó fẹ́ fà á.

Ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn kọjá léjìká ẹ̀, ó bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tutù bí òkúta odò.

"Kì í ṣe èyí," ni ohùn yẹn wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń di igi ìdáná. "Ẹsẹ̀ wo ni ò níṣẹ́ ṣe?"

Gerawat wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Tòsì ló kàn gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tí ò níṣẹ́ ṣe, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti kú. Ká ní ó fa tọ̀tún ni, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ì bá kú, igbó ni wọn ì bá sùn.

Ó fi tọ̀tún sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan tòsì, Kápítènì yíjú padà, ó wò ó, ó mi orí pé òun ni. Gerawat fà á.

"Má sọ orúkọ mi nù o," ni ohùn yẹn wí létí ẹ̀.

"Mi ò ní sọ ọ́ nù," ni Gerawat wí. Ó sọ ọ́ síta. Kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń jiyàn nìyẹn.

Kò sọ ewé ìyẹ́ bàálù, èyí tó ń dín eré ẹ̀ kù, kalẹ̀ tán àfi ìgbà tó dá a lójú pé pápá ò lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Koríko dé. Ó ń dín agbára ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kù díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń dín in kù ló ń tú ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, kí bàálù má baà já sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Táyà fara kan ilẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Wọ́n dúró.

Kápítènì Chong nu ojú. "Àbúrò, mo rí i pé o di tọ̀tún mú, o sì fi sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni ẹ́."

"Kì í ṣe èmi, ọ̀gá. Baba tó wà lẹ́yìn mi ni."

"Baba wo?"

Gerawat yíjú. Àpò ṣúgà ni wọ́n dè mọ́ àga ẹ̀yìn ẹ̀, típẹ́típẹ́.

Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀, Balang Aran, nígbà tí wọ́n délé. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó fà á lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n kó igi ìdáná sí.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan," ni bàbá wí. "Ṣáájú kí bàálù tó máa dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sétí òkun láti ra nǹkan. Ó lọ, kò padà. Kò tíì gbéyàwó. A wá òkú ẹ̀ títí. Gerawat lorúkọ ẹ̀. Ìyá mi ló ní ká fún ẹ."

"Mo ti ṣèlérí fún un, Bàbá."

"Tóo bá di orúkọ yẹn mú, wọ́n á ní o ò bímọ. O fẹ́ fi ẹnu ara ẹ sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe tìẹ?"

Gerawat ronú títí. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká fún ọmọ."

Nígbà tí Supang gbọ́, ó di ọmọ mọ́yà.

"Orúkọ òkú? Orí ẹ dà? Ọmọ tí mo fi gbogbo ara bí!"

"Supang, òun ló jẹ́ ká balẹ̀. Ká ní kì í ṣe tiẹ̀ ni, ọmọ náà ò ní sí."

"Òo. Ó wá fẹ́ gba owó iṣẹ́ ẹ̀, àbí?"

 Supang sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó ní kò burú, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n pín ìrẹsì inú ewé àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá dìde láàárín èrò, ó ní láti òní lọ, Belaan lọmọ òun tó ń wa bàálù ń jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pe tàtijọ́ sí i mọ́. Wọ́n hó yéè. Ó ní ọmọ-ọmọ òun yìí, Gerawat lorúkọ ẹ̀. Èyí ò dùn mọ́ àwọn àgbà nínú. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé ọmọ lọ bá Tepu Bulan, ìyá Balang Aran, tí ojú ẹ̀ ti fọ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ni kó kọ́kọ́ pe orúkọ náà. Ó gbé ọmọ lé itan, ó tẹ orí mọ́ ọn létí.

"Gerawat."

"Ìyá, mo ti dé," ni ẹnì kan wí lóde.

Ohùn arúgbó ni. Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Gbogbo ilé gbọ́ ọ, èèyàn kan gbé ìrẹsì dúró lẹ́nu láìjẹ ẹ́. Belaan mọ ohùn yẹn. 

Tepu Bulan ò ta gìrì. Inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn.

"O pẹ́ o," ni màmá wí. "Wọlé, wá jẹun."

Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Kò sí ẹni tó wọlé. Òórùn ewé tútù ló gba àárín èrò kọjá, ó ń lọ lọ́dọ̀ màmá. Ọmọ tó ti ń sunkún látìgbà tí wọ́n ti wà nínú bàálù dákẹ́ wẹ́lo. Ó lajú, ó wo màmá lójú bí ẹni tó ti wá a káàkiri.

Supang ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

Tepu Bulan di ọmọ mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa á létí.

"Ọmọ tèmi ni mo gbé."