Òṣùpá Tó Dé Fìlà

Ní ọdún 1988, nígbà tí koríko Wuye ní Àbújá ṣì pọ̀ ju ilé ibẹ̀ lọ, wọ́n bá Ìbídùnní aránṣọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú ni ìbànújẹ́ ti di àìsàn sí i lára, tí dókítà sì ní kó máa lo oògùn inú páálí búlúù kan. Páálí náà wà lórí tábìlì. Àpò bébà kan tún wà níbẹ̀, oògùn funfun mìíràn ló wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn ni Ọlọ́runfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n Ìbídùnní, wọ́ Àyàndá ọkọ àbúrò rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ó fún un ní májèlé! Àìsàn àbúrò mi ti sú u!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Oyèbísí kì í pariwo. Ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Àyàndá. "Ta ló ra oògùn funfun yìí?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, ọ̀gá. Ti páálí búlúù ti gbówó lórí jù. Nọ́ọ̀sì kan ní irú rẹ̀ gan-an wà tí kò wọ́n. Mo ní kó bèèrè lọ́wọ́ Sàkáríyà oníkẹ́míìsì ní Jabi, ẹni tó ń ta ti búlúù fún un, tó máa ń ní kò sí èyí tí kò wọ́n. Èmi kẹ̀, kí n pa á? Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè dìde?"

Dókítà yẹ oògùn méjèèjì wò. "Oògùn kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Ó lo méjèèjì pọ̀, ó sì pọ̀ jù fún un."

Oyèbísí yí àpò bébà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó dì í ya oòrùn sí i fún àárọ̀ àti òṣùpá fún alẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ó wá dé òṣùpá náà ní fìlà.

Abúlé ṣì ni Jabi nígbà náà. Sàkáríyà ti ń rẹ́rìn-ín látẹnu ọ̀nà.

"Sànnu, ọ̀gá! Oògùn funfun wo? Mi ò ta irú ẹ̀ rí o. Bóyá àwọn tó ń kiri nínú mọ́tò ni."

"Kò burú. Fún mi ní oògùn orífífọ́, ìyá mi ni mo fẹ́ fún. Wọn ò mọ̀wé, bá mi ya bí wọ́n ṣe máa lò ó sí i kó lè yé wọn."

Sàkáríyà fa bírò yọ. Ó ya oòrùn. Ó ya òṣùpá, ó dé e ní fìlà.

Oyèbísí gbé àpò Ìbídùnní kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín pòórá.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní... mo ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ní kó máa fi èyí kún ti tẹ́lẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń sọ fún un pé kò sí èyí tí kò wọ́n. Bó o bá jẹ́wọ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, á bi ọ́ ìdí tó o fi ń ta olówó gọbọi fún un látọjọ́ yìí. O wá fi irọ́ bo irọ́. Ó gbà ọ́ gbọ́, ó lo méjèèjì."

"Mi ò fẹ́ kó kú, ọ̀gá! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Mo mọ̀. O tiẹ̀ fara balẹ̀ ya àwòrán fún un. Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n tú Àyàndá sílẹ̀. Ọlọ́runfẹ́mi na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Àyàndá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìbídùnní tó lajú. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Bàbá Rẹ̀mí, ṣé mo ṣì í lò ni?"

Orúkọ ọmọ tó kú nìyẹn. Àyàndá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá. Bí Sàkáríyà ṣe ní kó o lò ó gẹ́lẹ́ lo ṣe lò ó."