Ẹyẹ Fàdákà Tìrìmísíyù

Ní èbúté Ìpakodò ni Rọ̀kíbátù ti kọ́kọ́ rí Tìrìmísíyù, ní ọdún 1956. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ará Ẹ̀pẹ́ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì tẹ́ ọjà rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Rọ̀kíbátù gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Yẹtí àti òrùka ni. Èyí rí bí ewé òṣíbàtà, èyí rí bí lékeléke. Èyí tó wù ú jù ni ẹyẹ kékeré tó máa ń já wọ inú ọ̀sà mú ẹja, tó na apá méjèèjì. Tìrìmísíyù ti lọ gíláàsì aláwọ̀ aró kúnná, ó fi iná yọ́ ọ mọ́ fàdákà náà, ẹyẹ wá ń dán bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi.

"Báwo lẹ ṣe mọ ara ẹyẹ tó báyìí?" ló bi í.

"Mo máa ń wò ó dáadáa ni," ni Tìrìmísíyù wí, ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe ń wò ẹ́ yìí."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Nígbà tó yá, ẹbí Tìrìmísíyù wá tọrọ rẹ̀. Yísà, bàbá Rọ̀kíbátù, kò janpata. "Mùsùlùmí ni, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí la tún ń wá?"

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n so yìgì, Rọ̀kíbátù lọ kí ìyá ọkọ ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí òun yọ sí olólùfẹ́ òun lẹ́nu iṣẹ́, ó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé agbẹ̀dẹ.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí pátákó. Wọ́n kan ẹyẹ mẹ́ta mọ́ ọn, ìṣó lápá ọ̀tún, ìṣó lápá òsì. Méjì ti kú, ìdin ń rìn lójú wọn. Ẹ̀kẹta ṣì ń mí. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, eṣinṣin ń wọ ibẹ̀. Tìrìmísíyù jókòó níwájú rẹ̀, ó ń ya àwòrán, ó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́.

Èébì gbé Rọ̀kíbátù. Ẹnu ọ̀nà ló bì í sí.

"Ìfẹ́ mi, má bínú sí òórùn yẹn," ni Tìrìmísíyù wí. "Bí mi ò bá kàn án, kò ní dúró kí n wò ó."

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Àná." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìgbà tó ra iyọ̀.

Ó nawọ́ láti nu ẹnu rẹ̀. Ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Rọ̀kíbátù fò sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ ń rìn ín.

Nílé, nígbà tí Rọ̀kíbátù ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, inú bí Yísà. "Ṣé ìwọ kì í jẹ adìyẹ ni? O fẹ́ dójú tì mí nítorí ẹyẹ lásán."

"Mò ń jẹ ẹ́, Bàbá. A máa ń dúńbú rẹ̀ kíá ni. A kì í kàn án mọ́gi ká máa kọrin níwájú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni yóò sì máa gbé ọmọ mi."

Lẹ́yìn èyí, Tìrìmísíyù wá sí Ìpakodò. Ó ti rù. "Mo ti sun pátákó yẹn. Orí omi ni mo ti ń wò wọ́n báyìí. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé."

Rọ̀kíbátù mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ. Fún mi lọ́wọ́ ẹ."

Ọwọ́ náà mọ́, ọṣẹ ló ń run. Síbẹ̀, bó ṣe dì í mú, itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó rọ́jú, ó rọ́jú, kò lè fara dà á.

"Tìrìmí, ọkàn mi ń fẹ́ ẹ. Ara mi ló kọ̀."

Tìrìmísíyù kọjú sí omi. Ó wọkọ̀.

Rọ̀kíbátù ń sunkún bí ẹni tí ọkọ kú fún. Bó sì ṣe ń sunkún náà, ó lóṣòó sétí omi, ó ń fi yanrìn bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.